Ọ̀rọ̀ Ìtàn Lẹ́nu Ọmọ JSS 2

Ọmọ tó wà láàárín ọdún mọ́kànlá sí mẹ́rìnlá ni kí àgbà tó bá ń purọ́ máa sá fún. Kí ó tó dé ibẹ̀, ohun tí a bá sọ fún un ló ń gbà: ìjàpá sọ̀rọ̀, ó gbà, igi dáhùn, ó gbà. Bó bá sì ti kọjá ibẹ̀ díẹ̀, ó ti mọ irú ìbéèrè tí kì í dùn mọ́ àgbà nínú, yóò sì máa pa á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ní ọdún mẹ́ta mẹ́rin àárín yẹn, béèrè-béèrè ni. Yóò béèrè lójú àlejò. Yóò tún béèrè ohun tí o ti dáhùn lánàá, nítorí pé ìdáhùn àná kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àwọn tó ṣe ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wa mọ ọjọ́ orí yìí dáadáa, wọ́n sì ya ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sọ́tọ̀ fún un. Nígbà tiwa, Modern School ni. Lóde òní, JSS ni. Ọdún mẹ́ta ni tibí, ọdún mẹ́ta náà ni tọ̀hún.

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wa wà ní JSS 2. Ó ní ìwé kan tí kì í ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́, ìwé ìṣirò ọdún tó kọjá tí wọn kò lò tán. Ẹ̀yìn ìwé náà ló ń kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sí: ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì, ẹni tí wọ́n nà, ẹni tí kò yẹ kí wọ́n nà, ohun tí òun rò nípa iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá bá mi, ó ní, “Bàbá àgbà, ẹ bá mi wò ó bóyá ó dáa.” Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó mẹ́nu ba ohun tó wà níbẹ̀ ní gbangba. Ó ní kò burú, bí n kò bá ti dárúkọ tíṣà kankan. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ó da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ Yorùbá kọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn náà nìyẹn. Ohun tó kọ́kọ́ kọ nípa iṣẹ́ ìtàn ni pé lẹ́yìn bíréèkì ọ̀sán ló máa ń bọ́ sí, nígbà tí páànù òrùlé bá ti gbóná, tí àwọn tó jẹ ìrẹsì níta bá ti ń tòògbé. Ó ní tíṣà á kọ nóòtù kún ojú pátákó, á pa apá kan rẹ́, á tún kọ òmíràn, àwọn á máa dà á kọ títí agogo á fi lù. Ó ní òun lè kọ Lugard àti 1914 tó fi so Nàìjíríà pọ̀ lójú oorun, ṣùgbọ́n òun kò tíì mọ ẹni tó bi àwọn ará Òkè Ọya àti àwọn ará ìsàlẹ̀ léèrè bóyá wọ́n fẹ́ wà pọ̀. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé yẹn gan-an ló wá kọ ọ̀rọ̀ kan tó mú mi bọ́ awò ojú mi: gbogbo ogun tí àwọn kọ́ ló ní ọdún tó bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tó parí, kò sí ọ̀kan tó ní oúnjẹ.

Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ tíṣà. Mo ti gbọ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé máa tako ìwé ìtàn pẹ̀lú gbólóhùn tó gùn bí òpópónà. N kò gbọ́ èyí tó ṣe ṣókí tó bẹ́ẹ̀, tó sì dun ìwé náà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Èmi alára wà nínú àwọn ọmọ tí Awólọ́wọ̀ kó wọ ilé-ẹ̀kọ́. Ní 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, nígbà tí Awókọ́yà jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Wọ́n ní kí á na ọwọ́ gba orí lọ sí etí kejì. Ọmọ tí ìka rẹ̀ bá kan etí ti tó wọlé, èyí tí tirẹ̀ kò bá kàn án, kó padà sílé di ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ tó jókòó sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn wa lọ́dún yẹn lé ní 800,000. Nígbà tí a parí ìwé kẹfà, ọ̀rọ̀ wá di ti owó. Girama wà, ṣùgbọ́n ọmọ ẹni tí kòkó rẹ̀ so dáadáa ló ń lọ síbẹ̀. Modern School ni ìjọba dá sílẹ̀ fún àwa yòókù. Àwọn kan ń fi ojú kékeré wò ó. Ẹni tó bá jáde ní Modern III lè di akọ̀wé kékeré, ó lè máa kọ́ ọmọ láìtíì gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ó sì lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni Grade III. Ọ̀nà kẹta yìí ni mo gbà.

Ìrì àárọ̀ la fi ń wẹ ẹsẹ̀ dé ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n á yẹ èékánná wò, wọ́n á yẹ eyín wò, wọ́n á wo ẹ̀yìn ọrùn kọ́là káàkí. Ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ jẹ́ ti oko ilé-ẹ̀kọ́. Iṣu tí a gbìn níbẹ̀ kì í ṣe ẹnu wa ló ń bọ́ sí, ẹ má bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tàdáwà wa, ìyẹ̀fun ni. Ọmọ tí ó bá kàn ni yóò pò ó mọ́ omi nínú ìgò, yóò sì máa dà á sínú ihò tó wà lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Bí omi rẹ̀ bá pọ̀ jù, ohun tí a fi gègé kọ láàárọ̀ á ti ṣá kí a tó jáde ọ̀sán, ẹni tó pò ó á sì gbọ́ ti ẹnu gbogbo kíláàsì.

Tíṣà tó kọ́ wa ní ìtàn mọṣẹ́. Bó bá fi ṣọ́ọ̀kì fa odò Ọya sójú pátákó, láti orí òkè Guinea, kó gbé e gòkè lọ sí ìhà Timbuktu, kó tó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, gbogbo wa á dákẹ́ láti wo ibi tí yóò já sí. Mungo Park dé etí odò náà ní Ségou ní 1796. Ó kú ní Bussa ní 1806. Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀ tọ̀ ọ́ dé òkun ní 1830. A mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Ohun tí ìwé wa kò sọ ni pé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn Lander gbà kọjá. Àgbádárìgì ni wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gba Ọ̀yọ́-Ilé, Aláàfin gbà wọ́n lálejò, kí wọ́n tó forí lé Bussa. Richard tilẹ̀ ti bá Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé ṣáájú, ní 1826, kí ìlú náà tó tú. Bí wọ́n bá sọ ìyẹn fún wa, ó ṣeé ṣe kí ọmọ kan béèrè ohun tí Aláàfin rò nípa àwọn tó ń bi í ní ọ̀nà odò. Wọn kò sọ ọ́, a kò sì béèrè.

Èyí tó wá jù ú lọ ni pé, láti ẹnu ọ̀nà kíláàsì wa, a ń wo àwọn òkè tó wà láàárín Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ibẹ̀ ni Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ ti dojú ìbọn kọ ara wọn nínú ogun Kírìjì. Ìsàlẹ̀ òkè kan náà la ti ń ṣẹ́ igi ìdáná. Ìyá tó bí ìyá mi, inú bùdó ogun ni wọ́n bí i sí, ó sì ṣì wà láyé nígbà tí mo wà ní Modern School, ó ń gún iyán fúnra rẹ̀. Tíṣà wa kò rán ọmọ kankan sí i. Ìwé tí ìjọba fún un láti fi kọ́ wa kò mọ̀ pé ó wà.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ-ọmọ mi béèrè oúnjẹ ogun, mo mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Mo sọ fún un pé ogun tó gba ọdún mẹ́rìndínlógún, láti 1877 títí di 1893, kò sí ẹni tó lè jà á láti orí ìdúró. Àwọn bùdó náà di ìlú. Wọ́n mọlé alámọ̀, wọ́n dáko, wọ́n náwó, wọ́n nája, wọ́n gbéyàwó, wọ́n bímọ. Ohun tí ìyá àgbà mi gbọ́ lẹ́nu ìyá tirẹ̀ ni pé àkàrà ni ìyá náà ń dín ní bùdó. Bí ìró ìbọn bá súnmọ́ jù, wọ́n á yọ igi lábẹ́ ìkòkò, wọ́n á kó ọmọ wọlé. Bó bá rọlẹ̀, wọ́n á tún ki igi bọ iná, epo á gbóná, àwọn jagunjagun á bẹ̀rẹ̀ sí í tò wá. Àwọn kan ń ra àwìn. Ẹni tó ra àwìn láàárọ̀ tí ìbọn bá bá a lọ́sàn-án, gbèsè rẹ̀ ti wọlẹ̀ nìyẹn. Ọmọ náà ti kọ èyí sílẹ̀ kí n tó parí ọ̀rọ̀. Ó béèrè bóyá ìyá náà máa ń bínú sí ẹni tó jẹ gbèsè kú. N kò tíì rí ìwé kankan tó bi irú ìyẹn.

A wá bọ́ sí orí ohun tó fa ìjà. Ìbàdàn fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, àwọn ajẹ́lẹ̀ yìí sì ń fi ojú àwọn onílùú gbolẹ̀. Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn alábàáṣe wọn so pọ̀, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà di balógun wọn. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ló kó ogun Ìbàdàn dojú kọ wọ́n. Ọmọ náà ní tíṣà ti kọ gbogbo èyí fún àwọn, ohun tí òun fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí Ìbàdàn tó ti borí níbi gbogbo kò fi lè borí níbẹ̀. Mo ní ọ̀nà ni. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà etí òkun mọ́ Ìbàdàn, ẹ̀tù di ọ̀wọ́n gógó. Àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní ọmọ tiwọn ní Èkó, àwọn tó ti Sàró bọ̀, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ń fi ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sílé, gba ọ̀nà Oǹdó, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn ṣì ń ki ìbọn láti ẹnu. Látòósà kú sí bùdó ní 1885, kò fojú rí ìparí rẹ̀.

Ní 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà. Ìjọba Èkó ló rán àwọn aṣojú wá. Àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ló ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láàárín àwọn jagunjagun ṣáájú ìgbà náà. Ìwé àdéhùn náà sọ pé ìlú mẹ́rin, Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Igbájọ, yóò wà lábẹ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ará ìlú tó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ lè kúrò, ẹni tó bá fẹ́ dúró lè dúró. Nígbà tí mo dé ibí yìí, ọmọ náà gbé gègé rẹ̀ sílẹ̀.

“Bàbá àgbà, ṣé ẹ fẹ́ sọ pé wọ́n pín ìlú yín ni?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ta ló wá bi yín?”

Ìbéèrè tó bi Lugard ló tún bi àwọn aṣojú Èkó yìí, ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ṣáájú 1914. Èmi ò kọ́ ọ. Tíṣà rẹ̀ ò kọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ojú ara rẹ̀ rí i pé nǹkan kan náà ni, àti pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pín ènìyàn láìbi wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀kọ́ ìtàn wà fún ní JSS, òun nìyẹn. Ọdún àti orúkọ kàn jẹ́ ohun èlò rẹ̀ ni.

Ìdánwò wọn dé. Ìbéèrè yan-èyí-tó-tọ̀nà ni. Ọ̀kan nínú rẹ̀ béèrè ọdún tí ogun Kírìjì parí. 1886 wà níbẹ̀, 1893 náà wà níbẹ̀. Ọmọ náà mú 1886. Tíṣà fa igi pupa sí i. Ó gbé e lọ bá tíṣà lẹ́yìn kíláàsì, ó kúnlẹ̀ bó ti yẹ, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ọjọ́ tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé ni ogun ń parí ni, àbí ọjọ́ tí wọ́n padà sílé?” Tíṣà ní 1893 ló wà nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ sì pin síbẹ̀.

Ẹ má rò pé tíṣà ṣì í. Lóòótọ́, àwọn bùdó kò tú lọ́dún 1886. Ìgbà tí Gómìnà Carter gòkè wá láti Èkó ní 1893 ni wọ́n tó dáná sun ahéré, tí wọ́n kó ẹrù lé orí. Bí èmi ni mo ń máàkì ìwé náà, 1893 ni èmi náà yóò fún ní máàkì. Ohun tó dùn mí ni pé ìbéèrè tí ọmọ yẹn bi, ìbéèrè tí àwọn òpìtàn ńlá ń fi gbogbo ayé wọn jiyàn lé lórí, kò ní àyè kankan nínú ìwé ìdánwò náà tí ó lè wọ̀.

Ọmọ kan tún wà nínú ẹ̀yìn ìwé ìṣirò yìí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Ọ̀rẹ́ ọmọ-ọmọ mi ni. Ìyá ọmọ náà ń ta ẹ̀kọ mímu, òun ló ń bá a kiri rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí náà ó máa ń pẹ́ dé, wọ́n sì máa ń nà án lẹ́nu géètì. Lọ́jọ́ tí wọ́n dárúkọ Ògèdèǹgbé ní kíláàsì, tí tíṣà béèrè ẹni tó mọ ohunkóhun nípa rẹ̀, ọmọ ẹlẹ́kọ yìí dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì rẹ̀. Ó kì í dé ibi tó gùn. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ní kó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ náà sì jókòó. Lábẹ́ ìtàn yìí, ọmọ-ọmọ mi kọ ọ́ pé Ògèdèǹgbé fúnra rẹ̀ kì bá lè wọ kíláàsì àwọn.

Fáfúnwá ti dáhùn ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó bí bàbá ọmọ náà. Ní 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn. Wọ́n ṣe dáadáa nínú gbogbo iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì gan-an kò gbẹ́yìn. Ọkùnrin kan náà di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lẹ́yìn náà. A gbóríyìn fún un, a sì padà sí bí a ti ń ṣe é.

Ọmọ-ọmọ mi béèrè ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ogun yìí sílẹ̀ tí àwa fi mọ̀ ọ́n. Mo ní ọ̀kan nínú àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín bùdó ni, Samuel Johnson. Sàró ni wọ́n ti bí i, ní 1846, bàbá rẹ̀ sì kó o wá sí Ìbàdàn ní kékeré. Tíṣà ni kó tó di àlùfáà. Arẹ̀mọ ní Ìbàdàn ló ti kọ́ ọmọ níwèé. Ojú rẹ̀ dùn nígbà tó gbọ́ pé tíṣà ni. Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ó sọ ìdí tí òun fi kọ ọ́: àwọn ọ̀mọ̀wé wa mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mọ ti Róòmù àti ti Gíríìsì, wọn kò mọ ti ilẹ̀ bàbá wọn. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ìlú ọba kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó sọnù sọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Johnson kú ní 1901.

Obadiah àbúrò rẹ̀, oníṣègùn, kó àwọn àjákù ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1916 wọ́n fi í sínú ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Appam. Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ń lọ lọ́wọ́, àwọn Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí ẹrù náà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Nígbà tó dé, ogun ti mú kí bébà ṣọ̀wọ́n. Obadiah kú ní 1920. Ìwé náà jáde ní 1921. Ẹ̀gbọ́n kò rí i, àbúrò kò rí i, àwa ló wá rí i.

Mo ṣàkíyèsí pé ọmọ náà kò kọ nǹkankan ní gbogbo àkókò tí mo ń sọ èyí. Ó kàn ń wò mí. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá Yorùbá ni Johnson fi kọ ọ́. Mo ní rárá o, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ṣùgbọ́n Akínyẹlé fi Yorùbá kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní 1911, ṣáájú kí ti Johnson tó jáde, ó sì di Olúbàdàn ní 1955. Ó ní, “Olúbàdàn kọ ìwé?” Ìyẹn ló yà á lẹ́nu jù nínú gbogbo ohun tí mo sọ.

Ohun tí Johnson ráhùn lé lórí ní 1897 ló ṣì wà ní kíláàsì wa lẹ́yìn òmìnira. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà, Dike, Bíòbákú àti Adé Àjàyí ti ń tún ìtàn wa kọ ní Ìbàdàn, láti inú àkọsílẹ̀ àti láti ẹnu àgbà. Ìwé wọn kò tíì dé abúlé. Nígbà tó fi máa dé, ètò 6-3-3-4 ti wọlé ní 1982, Social Studies sì ti gba ipò ìtàn ní JSS. Mo kọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdílé, àṣà, ìjàǹbá ọ̀nà, oògùn olóró, gbogbo rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìtàn náà wà níbẹ̀, bí iyọ̀ tó bọ́ sínú odò ṣe wà nínú odò.

Ní ọdún 2009 ni wọ́n yọ ọ́ pátápátá ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS. Ìdí mẹ́ta la gbọ́: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò fẹ́ ẹ, àwọn tó kà á ní yunifásítì kì í tètè ríṣẹ́, àwọn tíṣà rẹ̀ kò sì tó. Tíṣà ìṣirò kò tó láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n yọ ìṣirò. Ní oṣù kọkànlá 2022 ni ìjọba ṣe ayẹyẹ ìdápadà rẹ̀, wọ́n sì ní àwọn yóò kọ́kọ́ dá tíṣà 3,700 lẹ́kọ̀ọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ọmọ tó wọ JSS 1 ní 2009 ti ń lọ sí ọgbọ̀n ọdún báyìí. Àwọn kan nínú wọn ti wà ní iwájú kíláàsì, ṣọ́ọ̀kì ti wà lọ́wọ́ wọn. Bí mo bá fi ohun tí ọmọ-ọmọ mi sọ ṣírò ọjọ́ orí tíṣà rẹ̀, òun náà wà lára wọn. Wọ́n ní kó máa pín ohun tí wọn kò fún un. Ó ń kọ nóòtù kún pátákó nítorí pé nóòtù nìkan ló ní, ó sì ń kọ́ iṣẹ́ méjì mìíràn mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ bá a wí, kó kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó wà lókè rẹ̀.

Síbẹ̀, nǹkan kan wà tí kò gba owó lọ́wọ́ ìjọba, tí kò sì nílò ìwé tuntun. Mo fẹ́ kí tíṣà ìtàn tó bá ń ka èyí gbìyànjú rẹ̀ ní táámù tó ń bọ̀. Kí àwọn ọmọ tó lọ sí ìsinmi, ẹ ní kí kálukú lọ bá ẹni tó dàgbà jù nílé wọn, kó bi í ní ohun kan ṣoṣo tí ìwé kò sọ nípa ogun kan, ìlú kan, tàbí ọjà kan, kó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè tí àgbà náà fi sọ ọ́. Ọmọ ẹlẹ́kọ yẹn yóò gbé ti Ògèdèǹgbé dé, kò sì sẹ́ni tí yóò lè ní kó jókòó. Ẹ̀yin àgbà ilé náà, bí wọ́n bá dé, ẹ má lé wọn padà sídìí tẹlifíṣàn, ẹ má sì sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni.

Nígbà ìdánwò, ẹ fi òǹkà kan sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ bébà, níbi tí ọmọ yóò ti kọ ìbéèrè tirẹ̀, ìbéèrè tí ẹ̀yin kò bi í. Ẹ fún un ní máàkì márùn-ún. Bí ẹ kò bá mọ ìdáhùn rẹ̀, ẹ fún un ní gbogbo márààrún.